Amẹ́ríkà Kọ́ Ló Bẹ̀rẹ̀ Ìdìbò Yan Bíṣọ́ọ̀bù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ Áńgílíkà láàrin wa máa ń sọ, pàápàá nígbà tí ìròyìn Ìjọ Ẹ̀písíkópà ti Amẹ́ríkà bá bí wọn nínú. Wọ́n á ní láyé àtijọ́, ọba tàbí àwọn àgbà ìjọ ló ń mú ẹni tí yóò jẹ bíṣọ́ọ̀bù, pé nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gba òmìnira lọ́wọ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé àpótí ìbò wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì sọ oyè àwọn àpọ́sítélì di ipò òṣèlú. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan pàápàá ń sọ ìtàn kan náà, àmọ́ tayọ̀tayọ̀ ni tiwọn. Wọ́n á ní àwọn tó kọ òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn náà ló kọ òfin ìjọ wọn, ìdí nìyẹn tí ìjọ fi ń dìbò bí ìlú ṣe ń dìbò.

Ìgbàgbọ́ yìí ní ohun tó gbé ara lé. Òótọ́ ni pé ìlú Philadelphia kan náà ni wọ́n ti kọ òfin orílẹ̀-èdè lọ́dún 1787 àti òfin ìjọ lọ́dún 1789. Òótọ́ ni pé ilé méjì ló wà nínú àpéjọ gbogbogbòò ìjọ náà, ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti ti àwọn aṣojú, gẹ́gẹ́ bí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe jẹ́ méjì. Òótọ́ sì ni pé William White, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù Pennsylvania, jẹ́ àlùfáà fún àpéjọ àwọn aṣòfin nígbà tí ogun òmìnira ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá kó gbogbo èyí jọ, tí kò sì wádìí ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò jẹ̀bi púpọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó yẹ kó wádìí, àwọn tí ìjọ fi ṣe olùkọ́, tí ìwé sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó wọn, ni wọ́n ń tún un sọ láìbéèrè ọjọ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ "láyé àtijọ́" náà wò. Ní ìlú Carthage, ní àríwá ilẹ̀ Áfíríkà, ní nǹkan bí ọdún 248, ohùn àwọn ọmọ ìjọ ló gbé Cyprian dórí àga bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan nínú àwọn àgbà àlùfáà kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ohùn ìjọ borí tiwọn. Cyprian fúnra rẹ̀ kọ̀wé lẹ́yìn náà sí àwọn ìjọ kan ní ilẹ̀ Sípéènì, ó sì ṣàlàyé fún wọn pé àwọn ènìyàn ìjọ ló ní agbára láti yan ẹni tó yẹ àti láti kọ ẹni tí kò yẹ. Ní Milan lọ́dún 374, gómìnà ni Ambrose, kò tilẹ̀ tíì ṣe ìrìbọmi, nígbà tí èrò inú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ rẹ̀. Láàrin ọjọ́ mélòó kan wọ́n ti rì í bọmi, wọ́n sì ti fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ọba Rómù fọwọ́ sí i, mi ò ní sẹ́ ìyẹn. Àmọ́ ohun tí ìjọ ti ṣe ló fọwọ́ sí, òun kọ́ ló dárúkọ ọkùnrin náà.

Mo mọ ibi tí alátakò tó kàwé máa gbà yọ. Yóò ní kí n ka òfin kẹrin tí àpéjọ Nicaea ṣe lọ́dún 325. Mo ti kà á. Ó ní kí gbogbo bíṣọ́ọ̀bù ẹkùn náà péjọ láti fi ẹni náà joyè, bí gbogbo wọn kò bá sì lè wá, kí ó má dín sí mẹ́ta, kí àwọn yòókù fi ìwé fọwọ́ sí i, kí olórí wọn sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Lóòótọ́, òfin náà kò dárúkọ àwọn ọmọ ìjọ. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ ọba náà, bẹ́ẹ̀ ọba Rómù, Constantine, wá sí àpéjọ yẹn fúnra rẹ̀. Ohun tí òfin náà ń tò lẹ́sẹẹsẹ ni iṣẹ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù nínú ọ̀ràn náà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pa ìjọ lẹ́nu mọ́: nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn òfin yìí ni ariwo ìjọ gbé Ambrose dórí àga. Nígbà tí wọ́n tún péjọ ní Nicaea lọ́dún 787, wọ́n là á mọ́lẹ̀, láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, pé asán ni yíyan bíṣọ́ọ̀bù tó bá ti ọwọ́ àwọn aláṣẹ ìlú wá. Ẹni tó ń pe ọwọ́ ọba ní àṣà àtètèkọ́ṣe gbọ́dọ̀ sọ fún wa bí òun yóò ṣe rìn ín kọjá lára òfin yẹn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ibẹ̀ ni àṣìṣe yìí ti ta gbòǹgbò jù, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àwa náà ti gba ìjọ. Síbẹ̀, nínú abala àkọ́kọ́ Magna Carta, lọ́dún 1215, Ọba John jẹ́wọ́ pé òmìnira ìdìbò wà lára ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ fún ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbò tí àwọn àlùfáà kàtídírà ń dì láti yan bíṣọ́ọ̀bù wọn ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Nígbà tí Henry Kẹjọ wá gba àkóso ìjọ sí ọwọ́ ara rẹ̀, kò pa ìbò náà rẹ́. Òfin rẹ̀ ti ọdún 1534 ní kí ọba fi ìwé méjì ránṣẹ́ sí díìnì àti ìgbìmọ̀ kàtídírà: ọ̀kan fún wọn láyè láti dìbò, èkejì sì dárúkọ ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ dìbò fún. Ọjọ́ méjìlá péré ni wọ́n ní láti ṣe é. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ọba lè fi ìwé àṣẹ tirẹ̀ yan ẹni náà, ẹni tó bá sì ṣorí kunkun lè pàdánù dúkìá rẹ̀, kó sì tún fẹ̀wọ̀n jura. Edward Kẹfà fòpin sí ìbò náà pátápátá lọ́dún 1547, àmọ́ nígbà tí Elizabeth jọba, wọ́n dá òfin bàbá rẹ̀ padà.

Ní ìparí ọdún 1847, Lord John Russell, olórí ìjọba, dárúkọ R. D. Hampden fún àga Hereford. Ọ̀pọ̀ àlùfáà ka ẹ̀kọ́ Hampden sí ewu. Díìnì kàtídírà ibẹ̀, John Merewether, kọ̀wé sí Russell pé ẹ̀rí ọkàn òun kò ní jẹ́ kí òun dìbò fún un. Èsì tó gbà kò ju ìlà mélòó kan lọ: Russell fi yé e pé ìwé tó kọ ń sọ fún òun pé ó fẹ́ rú òfin. Merewether ta kò ó lọ́jọ́ ìbò, Hampden wọlé, ó sì joyè lọ́dún 1848. Ẹ wo ohun tí ìtàn náà fi hàn. Ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé lẹ́yìn Henry, wọ́n ṣì ń pe àwọn àlùfáà jọ láti dìbò. Bó bá jẹ́ pé ìyànsípò láti ọwọ́ ọba ni àṣà ìjọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ló dé tí ìjọba tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ṣì ń fẹ́ kí ìbò fara hàn lójú ayé? Wọ́n mọ̀ pé láìsí i, ẹnu yóò kún wọn.

Ibi tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí ti ṣìnà jù wá ni Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó lé ọba ló dìbò àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, ọdún 1783, nígbà tí wọn kò tíì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní Paris, àlùfáà mẹ́wàá péjọ sí ilé àlùfáà ìlú Woodbury, ní Connecticut. Bòókẹ́lẹ́ ni wọ́n pàdé. Kò sí ọmọ ìjọ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe àlùfáà. Jeremiah Leaming ni wọ́n kọ́kọ́ fọkàn sí, àmọ́ ara rẹ̀ kò gbé e mọ́. Samuel Seabury, tó wà ní New York nígbà náà, ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́.

Ta ni Seabury? Nígbà tí ìjà ọ̀rọ̀ ṣáájú ogun náà gbóná, lọ́dún 1774 sí 1775, òun ló fi orúkọ bojú gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ kan ní Westchester, tó ń kọ ìwé pélébé láti fi ta ko àpéjọ àwọn tó ń bá ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fa ọ̀rọ̀. Àwọn ìwé rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí Alexander Hamilton, akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà náà, fi kọ̀wé fèsì. Àwọn ajàjàgbara mú un lọ́dún 1775, wọ́n sì tì í mọ́lé ní New Haven. Nígbà tó bọ́, ó di àlùfáà fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan tó ń jà fún ọba, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń san owó ìfẹ̀yìntì fún un nítorí iṣẹ́ yẹn títí ó fi kú lọ́dún 1796. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yàn án ní Woodbury jẹ́ ti ọba bíi tirẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n dìbò yan bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Ìjọ Ẹ̀písíkópà ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ní ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ sí ọba ló wà nídìí ìbò náà kò mọ orúkọ àwọn tó di ìbò ọ̀hún.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà, ó sì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́dún 1782, White ti tẹ ìwé kékeré kan jáde ní Philadelphia láìkọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Nínú rẹ̀ ló ti dá a lábàá pé kí àwọn ìjọ tó wà ní Amẹ́ríkà parapọ̀, kí àwọn ọmọ ìjọ jókòó pẹ̀lú àwọn àlùfáà nínú ìgbìmọ̀ wọn, àti pé bí bíṣọ́ọ̀bù kò bá tíì sí, kí iṣẹ́ máa lọ fún ìgbà díẹ̀ láìsí i. Àwọn àlùfáà Woodbury kà á, inú wọn ru. Lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n pàdé ni wọ́n kọ̀wé sí White láti ta kò ó, nítorí lójú tiwọn, ìjọ tí kò ní bíṣọ́ọ̀bù kò lè ṣètò ara rẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ kò sì gbọ́dọ̀ di ọ̀gá lórí àwọn tí Ọlọ́run fi ṣe olùṣọ́ wọn. Nítorí kí ètò White má baà fìdí múlẹ̀ ni wọ́n ṣe yára dìbò tiwọn. Ìbò yẹn, nígbà náà, jẹ́ ìgbésẹ̀ àwọn tó ń bẹ̀rù ìjọba àwọn mẹ̀kúnnù nínú ìjọ.

Seabury wọkọ̀ ojú omi lọ sí London. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ kò bi í léèrè ìdí tí wọ́n fi dìbò yàn án. Ohun tó dí i lọ́nà jù lọ ni ìbúra. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ jẹ bíṣọ́ọ̀bù búra pé òun yóò jẹ́ ti ọba, bẹ́ẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ọba mọ́ ni Seabury fẹ́ jẹ. Ó dúró níbẹ̀ ju ọdún kan lọ. Nígbà tó rí i pé ọ̀nà kò là, ó gba Skọ́tílándì lọ, ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, ọdún 1784, Robert Kilgour, Arthur Petrie àti John Skinner sì gbé ọwọ́ lé e lórí nínú yàrá òkè ilé Skinner ní Aberdeen.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí Skọ́tílándì, nítorí ìjọ yẹn nìkan tó láti wó ìtàn tí wọ́n ń sọ kiri. Láti 1689 ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ti pàdánù ipò wọn lọ́dọ̀ ìjọba, nítorí wọ́n kọ̀ láti búra fún William àti Mary nígbà tí James, ọba tí wọ́n ti búra fún tẹ́lẹ̀, ṣì wà láàyè. Ìdílé James tó wà ní ìgbèkùn kò fi wọ́n sílẹ̀. Láti òkè òkun ni wọ́n ti ń fẹ́ máa dárúkọ ẹni tí yóò jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Rose ti Edinburgh kú lọ́dún 1720, àwọn àlùfáà ìlú náà dìbò yan John Fullarton. Àríyànjiyàn tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún: ṣé ọba tó wà ní ìgbèkùn ni yóò máa yàn, tàbí àpapọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù, tàbí àwọn àlùfáà ẹkùn kọ̀ọ̀kan? Níkẹyìn, àwọn tó ní kí àwọn àlùfáà ẹkùn máa dìbò yan bíṣọ́ọ̀bù wọn ló borí. Kò sí ìjọ tó fẹ́ràn ọba ju ìjọ yìí lọ. Wọ́n jìyà nítorí ọba, wọ́n pàdánù ilé ìjọsìn nítorí ọba, síbẹ̀ wọ́n gba ìbò lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo èyí sì ti parí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ kejì, ti White, ni ọ̀rọ̀ àwọn tí mò ń ta kò ti sún mọ́ òótọ́. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní ìhà gúúsù sí Connecticut, àwọn ọmọ ìjọ wà nínú àpéjọ, wọ́n sì ń dìbò yan bíṣọ́ọ̀bù. White kò fi pamọ́ pé òun fara mọ́ èrò ìgbà náà pé ó yẹ kí àwọn tí a ń ṣàkóso ní ohùn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọ́n gbé orísun ohùn náà sí ibi tí kò sí. Ní Virginia, láti àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ìgbìmọ̀ àwọn ọmọ ìjọ ló ń yan àlùfáà, tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn, tó sì ń bójú tó àwọn aláìní. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù kankan ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ti London ló ń ṣàkóso wọn láti òkè òkun, nípasẹ̀ aṣojú bíi James Blair. Nígbà tí òmìnira dé, ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn ọmọ ìjọ ti ń di ẹrù yìí. Kò sí ẹni tó ní láti ya èrò kan wá látinú òṣèlú kó tó lè fún wọn ní ìjókòó.

Ti ọ̀rọ̀ pé òfin ìjọ jẹ́ àwòkọ òfin orílẹ̀-èdè, kàlẹ́ńdà ti tó láti dáhùn rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1785, aṣojú ìpínlẹ̀ méje pàdé ní Christ Church, Philadelphia, wọ́n sì kọ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ òfin ìjọ, tó ti fún àwọn àlùfáà àti ọmọ ìjọ ní àyè. Oṣù Karùn-ún ọdún 1787 ni àwọn tó kọ òfin orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀ ìjókòó. Ohun tó kọ́kọ́ wáyé kò lè jẹ́ àwòkọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ilé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ló dé lẹ́yìn, lọ́dún 1789, nítorí Seabury àti àwọn tirẹ̀ kọ̀ láti wọlé bí bíṣọ́ọ̀bù kò bá ní ilé tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bẹ̀rù àwọn mẹ̀kúnnù ló béèrè fún ilé kejì. Pàápàá nígbà náà, àwọn aṣojú lè fi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún bo ìpinnu àwọn bíṣọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀. Ọdún 1808 ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó ní agbára kíkún láti dá òfin dúró.

Àṣìṣe tó kù ló ń da àwọn olùfọkànsìn láàmú jù: wọ́n rò pé ìbò ló ń sọ ènìyàn di bíṣọ́ọ̀bù, pé wọ́n sì ń fi ohùn ènìyàn rọ́pò ti Ẹ̀mí Mímọ́. Ọmọ Yorùbá ló yẹ kí èyí kọ́kọ́ yé. Àwọn afọbajẹ lè mú ọmọ oyè, àmọ́ bí wọn kò bá ṣe ètùtù fún un, tí a kò gbé adé lé e lórí, kò tíì di ọba. Bẹ́ẹ̀ ni ìbò ní Amẹ́ríkà. Maryland yan William Smith lọ́dún 1783. Àpéjọ tó wáyé ní Wilmington lọ́dún 1786 kọ̀ láti jẹ́rìí ìwà rẹ̀, kò sì jẹ bíṣọ́ọ̀bù láé. Virginia yan David Griffith, owó ìrìn àjò sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kò rí, ó sì kú lọ́dún 1789 láìgorí àga. White àti Samuel Provoost ti New York, tí wọ́n dìbò yàn lọ́dún 1786, ní láti dúró kí Pálímẹ́ǹtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin tó mú ìbúra sí ọba kúrò fún àwọn ará òkèèrè, kí àwọn Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury àti York, pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù méjì mìíràn, tó gbé ọwọ́ lé wọn lórí ní Lambeth, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, ọdún 1787. Lọ́dún 1792, Thomas Claggett ti Maryland ni àkọ́kọ́ tó joyè lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Provoost, Seabury, White àti James Madison ti Virginia ló gbé ọwọ́ lé e, bẹ́ẹ̀ ni ìlà Skọ́tílándì àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàdé lórí ẹnì kan. Provoost àti Seabury kò fẹ́ràn ara wọn rárá. Pé wọ́n dúró pọ̀ lọ́jọ́ yẹn jẹ́ ká mọ bí wọ́n ti ka gbígbé ọwọ́ léni lórí sí tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí lẹ́yìn wọn. Lọ́dún 1874, Illinois yan George Seymour, àwọn aṣojú nínú àpéjọ gbogbogbòò kọ̀ ọ́. Lọ́dún 1875 wọ́n yan James DeKoven, ìgbìmọ̀ àwọn dáyósíìsì yòókù tún kọ òun náà. Títí di òní, àlùfáà àti ọmọ ìjọ ń dìbò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ méjèèjì sì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ẹnì kan náà, lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti ìgbìmọ̀ dáyósíìsì yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i. Bíṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí Nicaea ti wí, ló ń parí iṣẹ́. Àṣẹ olórí kan ṣoṣo kò tó láti ṣe é.

Mi ò sọ pé ìbò náà jẹ́ ti gbogbo ènìyàn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó ń fi ìtàn yìí yangàn ní Amẹ́ríkà náà ṣìnà níhìn-ín. Nígbà tí wọ́n gba ìjọ St. Thomas, ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú tí Absalom Jones ń darí ní Philadelphia, wọlé lọ́dún 1794, wọ́n fi í ṣe àdéhùn pé kò ní rán àlùfáà tàbí aṣojú wá sí àpéjọ. Ìjọ náà wà lábẹ́ White, kò sì ní ohùn nínú yíyan bíṣọ́ọ̀bù tí yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 1970 ni àwọn obìnrin tó jókòó gẹ́gẹ́ bí aṣojú pẹ̀lú ẹ̀tọ́ kíkún nínú àpéjọ gbogbogbòò. Bó bá jẹ́ pé ìjọba àwọn mẹ̀kúnnù ló bí ìdìbò yìí, kò jọ òbí rẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù, ó sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn kan á ní ìbò tí wọ́n fi yan bíṣọ́ọ̀bù ní New Hampshire lọ́dún 2003, tó dá ìjà sílẹ̀ láàrin ìjọ Áńgílíkà kárí ayé, ló fi hàn pé ìdìbò fúnra rẹ̀ burú. Ohunkóhun tí ẹni kọ̀ọ̀kan bá gbà gbọ́ nípa ẹni tí wọ́n yàn, ó ti lé ní igba ọdún tí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́ kí ọdún 2003 tó dé, irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀. Dáyósíìsì Huron ní Kánádà dìbò yan Benjamin Cronyn lọ́dún 1857, lábẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọ ilẹ̀ Áyálándì bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò nígbà tó kúrò lábẹ́ ìjọba lọ́dún 1871. Kò sí ẹni tó ń pè wọ́n ní ọmọlẹ́yìn Amẹ́ríkà.

Wọ́n á wá ní: Àjàyí Crowther ńkọ́, tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún? Òótọ́ ni. Ìwé àṣẹ Ọbabìnrin Victoria, lábẹ́ òfin Pálímẹ́ǹtì ti ọdún 1841, ni wọ́n fi fi í joyè ní kàtídírà Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, ọdún 1864. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ètò láìsí ìbò yẹn ṣe. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kò sí lábẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn mísọ́nnárì òyìnbó bíi Henry Townsend kò fẹ́ wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjọ Ẹ̀gbá. Nígbà tí Crowther kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 1891, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ní Èkó ń retí pé ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni yóò gorí àga náà. Joseph Sidney Hill ni wọ́n fi joyè ní London lọ́dún 1893, Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips sì jẹ́ igbákejì fún un. Hill kú ní oṣù Kìíní ọdún 1894, Herbert Tugwell ni wọ́n tún rán wá. Àwọn tó ṣe ètò yẹn kò fi ìwé Cyprian tàbí òfin Nicaea kankan gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí kò sí èyí tó lè gbè é. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìfẹ́ àwọn tó wà ní London ni wọ́n tẹ̀ lé.